Pátákó Idẹ Méjì ní Florence

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ní ìlú Florence lórílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí mo ti ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ náà kì í fún mi láyè, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ni máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ìyá náà máa ń wá dúró tì wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, èmi a sì mú ọ̀nà Bargello, ọ̀kan nínú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, pọ̀n.

Pátákó idẹ méjì ni mo máa ń lọ wò níbẹ̀. Ní ọdún 1401, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ kéde ìdíje láti mọ ẹni tí yóò rọ ilẹ̀kùn idẹ tuntun fún ilé ìrìbọmi ìlú náà, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fi idẹ ṣe àwòrán Ábúráhámù níbi tí ó ti fẹ́ fi Ísáákì ọmọ rẹ̀ rúbọ. Nínú àwọn méje tó díje, iṣẹ́ ẹni méjì péré ló ṣẹ́kù lónìí: ti Lorenzo Ghiberti, ẹni tó gbégbá orókè, àti ti Filippo Brunelleschi, ẹni tó fìdí rẹmi. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni àwọn méjèèjì kọ́, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún 25 nínú wọn.

Nínú iṣẹ́ Brunelleschi, áńgẹ́lì ti gbá ọwọ́ Ábúráhámù mú kí ọ̀bẹ má baà kan ọrùn ọmọ, ìránṣẹ́ kan sì jókòó nísàlẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ère ọmọdékùnrin kan tó ti wà láti ayé Róòmù àtijọ́. Nínú ti Ghiberti, áńgẹ́lì ṣì ń bọ̀ lókè, ara Ísáákì sì jọ ti àwọn ère òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́. Ibi tí mo dúró sí yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní Rinascimento, ìyẹn àtúnbí, ti yé mi: àwọn ọ̀dọ́ méjì tún padà wo ohun tí àwọn baba ńlá ilẹ̀ wọn ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ ọ́ ló mú mi pẹ́ jù. Wọn a fi ìda mọ àwòrán, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda náà jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ghiberti fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo tirẹ̀, Brunelleschi sì rọ púpọ̀ lára tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó kàn wọ́n mọ́ra, nítorí náà ti Ghiberti fi nǹkan bí kílò 7 fúyẹ́ jù ú lọ. Bàbá mi ti mú mi lọ rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi níwájú àwọn orí idẹ pé ìda àti amọ̀ ni àwọn baba wa fi ṣe é. Nígbà tí mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni, omi lé sí mi lójú.

Síbẹ̀, ẹni tó fìdí rẹmi ni ọkàn mi fà sí. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé òun àti Donatello, agbẹ́re ará Florence, lọ sí Róòmù, wọ́n ń wọn àwókù ilé àtijọ́, títí àwọn ará ibẹ̀ fi rò pé ìṣúra ni wọ́n ń wá. Ní Florence nígbà náà, ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn ńlá tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1296 ti di ògiri gíga, àyè tó fẹ̀ ju mítà 40 lọ sì là sílẹ̀ lókè rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí a ó ṣe bò ó. Láti 1420 sí 1436, Brunelleschi fi òrùlé ńlá tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ bò ó, láìfi igi gbé e ró láti ilẹ̀. Ìpele méjì ló mọ, ọ̀kan nínú èkejì, ó to bíríkì bí egungun ẹja kí wọ́n lè di ara wọn mú, ó sì ṣe ẹ̀rọ tí màlúù ń yí láti gbé ẹrù gòkè àti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n yí màlúù náà padà.

Mo ti gun àtẹ̀gùn 463 tó gba àárín ìpele méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ kan àwọn bíríkì náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá tí mò ń tọ́jú, inú wọn dùn. Pippo, ìkékúrú Filippo, ni wọ́n ń pe Brunelleschi, bí ẹni pé ilé kejì ló ń gbé. Lálaalẹ́, kí wọ́n tó lo oògùn, wọn a ní kí n ṣí fèrèsé ilé ìdáná, a ó sì jọ ka àwọn egungun òkúta funfun tó wà lára òrùlé náà. Mẹ́jọ ni wọ́n. Láti ibi tí a jókòó sí, mẹ́rin la máa ń rí.