Kí lò ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí?

Aago mọ́kànlá ti lù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, fóònù mi sì ku 19%, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àṣìtẹ̀ ẹ bá mi fojú fò ó jàre. Mi ò fẹ́ sùn kí n tó kọ bí ìpàdé orin wa ṣe lọ lónìí ni. Tó bá fi lè di ọ̀la, mo mọ ara mi, màá ti fi iyọ̀ àti mággì sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka nǹkan tí mò ń kọ tipẹ́ mọ̀ pé Sunday tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n ní Adébáyọ̀ níbí l'Adó, àwa márùn-ún, ìgbà míì a máa ń tó méje, kálukú á mú àwo tó ń gbádùn lọ́wọ́ wá. Kì í ṣe àwo tó o fẹ́ràn jù láyé ẹ o, èyí tó wà létí ẹ lọ́sẹ̀ yìí ni. O máa fi orin méjì síta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi máa tán, kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹ pé orin ẹnì kan ò dáa, ohun tó o lè sọ ò ju pé "kò tíì wọ̀ mí lára" lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ṣòfin yẹn lọ́jọ́ tí ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí Barrister àti Kollington, ìjà tó ti wà kí wọ́n tó bí ìdajì àwa tá à ń jà á.

Ọ̀hún náà la wà lónìí láàárín ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì méjì, lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀pà bíbọ̀ wà nínú ike, mínírà ò tutù. Rédíògírámù onígi tí Ẹ̀gbọ́n jogún lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ń wò wá láti kọ̀rọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó láyà láti gbé nǹkan lé e lórí.

Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀. Juju Music ti King Sunny Adé (KSA) ló mú wá, èyí tó jáde ní 1982. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ rí i, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé àlàyé ẹ̀ ló dùn ju orin lọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, tó o bá gbé abẹ́rẹ́ lé àwo Sunny, ojú kan lè lọ bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún láìdúró, orin á kàn máa wọnú orin, ẹni tí wọ́n ń kì á ti náwó tán kí wọ́n tó yí àwo padà. Àmọ́ nígbà tí Island Records, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, gbé e lọ bá àwọn òyìnbó, wọ́n gé e sí orin méje, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀. Tíṣà ní ìyẹn dà bíi kéèyàn gé iyán sí wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì kí àlejò lè rí i mú. Ọmọ Èkìtì ló ń sọ̀rọ̀, iyán gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ tán, torí àwo gígé yẹn gan-an ni èmi fi mọ Sunny, ọmọ tí wọn ò gbé lọ sóde àríyá rí, ibo ló ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá Dèmọ́lá Adépọ̀jù bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni ń sunkún láìsí omi lójú, a ò bá ara wa jiyàn mọ́.

Ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó máa ń bá Ẹ̀gbọ́n tẹ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀lé e, ó fi Asake sí i, Mr. Money With the Vibe, ti 2022. Ó ní orin méjìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀gbọ́n pariwo: "Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Haruna Ishola ò tíì kí àwọn tó pè é sóde tán nígbà yẹn!" A rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀pà fi há Tíṣà lọ́fun. Àmọ́ ẹ wò ó o, nígbà tí orin kejì dé ibi tí àwọn agbèrin pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá ń gbè é, mo rí orí Ẹ̀gbọ́n tó ń mì díẹ̀díẹ̀, nígbà tó tán ó ní, "Fújì lọmọ yìí ń ṣe, ó kàn wọ bàtà ni." Ó ní kó tún un fi.

Ìyẹn ló jẹ́ kí òun náà yí ohun tó mú wá padà, ó lọ wá Oroki Social Club ti Haruna Ishola, bàbá àpàlà, jáde, àwo 1971, èyí tí wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ìlù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn nìkan, kò sí gìtá, kò sí dùùrù. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún láyé mi, àmọ́ lẹ́yìn Asake, ó yàtọ̀ sétí mi, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọmọ ti wọlé, bàbá wá ń rọra wọlé bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú Aṣa wá, àwo àkọ́kọ́ tó ṣe ní 2007. Ó dùn, kò sí àríyànjiyàn, a kọjá.

Bàbá Wẹ́dà wá mú Elemure Ogunyemi jáde látinú fláàṣì tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Emùré lòun náà, kì í mú ẹlòmíì wá, Elemure lóṣooṣù! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń wo Nọ́ọ̀sì tó wá láti Ìjẹ̀bú nígbà tí orin bá ń lọ, tó ń dúró kó béèrè pé kí ni wọ́n sọ níbẹ̀ yẹn. Èkìtì pọ́ńbélé ni ọkùnrin yẹn fi ń kọrin, kì í ṣe Yorùbá ìwé ìròyìn. Tíṣà tó jẹ́ ọmọ onílé gan-an kò mọ gbogbo ẹ̀ mọ́, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Èmi náà ń mi orí.

Ó wá kàn mí.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Láti ọjọ́ Wednesday ni mo ti pinnu pé Kind of Blue ti Miles Davis ni màá mú lọ. Mo ti ka nǹkan nípa ẹ̀ dáadáa: 1959, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, orin márùn-ún, John Coltrane wà níbẹ̀. Mo ti to gírámà mi jọ. Ohun tí mi ò sọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ, oorun sì gbé mi lọ kí orin kejì tó parí. Mo kan fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà ń gbọ́ jáàsì ni.

Àmọ́ fóònù ò mọ irọ́ pa. Bí blútúùtù ṣe mú spíkà báyìí, ibi tí mo bá a dé lóru àná ló ti bẹ̀rẹ̀: ṣììììì, ariwo kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà accordion I.K. Dairo. Mo ń wá ibi tí màá tẹ̀ kó dúró, Ẹ̀gbọ́n fìka sẹ́nu, òfin ni, orin ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìyí. Lóṣù tó kọjá mo lọ tún ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe, mo bá páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mọ́mì, eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi báírò kọ "I.K." sí lára ni mo mú, okùn inú ẹ̀ ti dẹ̀, mo ki báírò bọ ihò ẹ̀, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi le. Ihò méjì tó wà lókè, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé e, wọ́n ti fi pépà rúnrún dí i. Mo yá ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo gbé e sórí fóònù. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń wẹ̀, tí mo bá ń dáná, òun ni. Nínú orin kẹta, bí Dairo ṣe ń lọ lọ́wọ́, gbàà, ó dákẹ́. Àkùkọ kọ. Wọ́n ń gúnyán nítòsí. Obìnrin kan wá ń sọ̀rọ̀, ó ń pe ẹnì kan pé kó jáde nínú "ulé", kó gbé "ugbá" wá, ó wá sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó pariwo mọ́ ọmọ kan pé kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Gbàà. Dairo padà dé láàárín ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan.

Mo rò pé Mọ́mì ni. Mi ò mọ̀ dájú, torí Mọ́mì ti wà l'Ékòó lọ́dọ̀ àǹtí mi láti ọdún mẹ́jọ, Yorùbá tí wọ́n ń sọ báyìí dà bíi ti agbóhùnsáfẹ́fẹ́.

Nígbà tí orin méjì tán, ojú ń tì mí, mo ní ẹ má bínú, àwo mi gan-an nìyí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n padà síbẹ̀rẹ̀. Ó di ojú, ó ń fìka lu bẹ́ǹṣì: ta, ta, ta. Ó ní, "Àbúrò, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà nìyí o, ara àwo ni wọ́n ti dà á kọ, àwo náà sì ní àpá. Gbọ́ ọ." Lóòótọ́, abẹ́ ìlù níbẹ̀, nǹkan kan ń ta kó-kó, bí àwo bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan ó tún dé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ ìyẹn. Bàbá Wẹ́dà ní ọmọ odó méjì ni wọ́n fi ń gún iyán yẹn, èèyàn méjì ló dúró, ọwọ́ ọ̀kan le ju ti èkejì lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ tún ibi obìnrin yẹn fi," Bàbá Wẹ́dà bá ń túmọ̀ fún un, inú ẹ̀ dùn ju bí ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n wá ń sọ fún ọmọ EKSU pé Dairo yìí ló mú accordion wọnú jùjú, pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, àti pé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí ló kú sí ní 1996, ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì sí nígbà yẹn, October ọdún náà ni wọ́n tó yọ wá lára Oǹdó. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Kò sẹ́ni tó béèrè Miles Davis.

Nígbà tí mo délé mo pe Mọ́mì, mo gbé fóònù kejì sí ẹnu èyí tí mo fi pè wọ́n, mo fi í fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ nìyẹn, ohùn mi ò rí báyìí rí." Mo ní ó dáa mà. Wọ́n tún dákẹ́, wọ́n ní, "Ta ló tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn? Ìwọ ni, àbí? Ìwọ lo ba orin mi jẹ́." Mo ní mi ò mọ̀ mà, mo ti kéré jù.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Dairo ti já gan-an, wọ́n kọ ibi tí mi ò gbọ́ rí, gbogbo ẹ̀, wọ́n tún fi ẹnu ṣe accordion níbì kan, àǹtí mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró lójijì, wọ́n ní, "Ibí ló ti padà wọlé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ mi?"

Mo ti tún un gbọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ibẹ̀ náà ni. Mi ò sì rántí gbà á sílẹ̀. Fóònù ti ku 4%.