Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ẹni Tó Ń Dọdẹ Mi Kò Rí Mi Mọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Oṣù 14 gbáko ni n kò fi sùn dọ́kàn. Lónìí mo ń sùn, àyà mi kì í sì í já mọ́ bí fóònù bá dún.

Ọkùnrin kan tí a jọ fẹ́ra wa sọ́nà rí ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kò ṣe mọ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló yí padà. Mo dínà mọ́ nọ́ńbà kan, ó fi òmíràn dé. Ó fi orúkọ àti àwòrán mi ṣí ojúewé lórí Facebook, ó ń fi í bú àwọn ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ìyẹn bí mi nínú, ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ń mọ ibi tí mo wà. N kò ní í tíì padà délé tí yóò fi kọ̀wé sí mi pé, "O pẹ́ níta lónìí." Bí mo bá bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní í ṣú kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà padà fún mi bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, mo rò pé agbára àìrí kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kí n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pa ènìyàn. Ó dùn mí wọra. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ni yóò fi ilé sílẹ̀ fún ọdẹ?

Ọlọ́run fi ènìyàn dá mi lóhùn. Arábìnrin kan tó mọ tinú-tòde kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Kò bi mí pé kí ni mo ṣe fún ọkùnrin náà. Ó ní, "Má pa nǹkan kan rẹ́, má sì tíì yí nǹkan kan padà." Ó ṣàlàyé pé bí irú wọn bá ṣàdédé rí i pé ilẹ̀kùn ti tì, inú lè bí wọn débi tí wọ́n á fi wá bá ènìyàn lójúkojú, nítorí náà kí n kọ́kọ́ wá ibi tí ara mi yóò ti balẹ̀. A ya àwòrán ojú fóònù fún gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti nọ́ńbà, a kọ àdírẹ́sì ojúewé ayédèrú náà sílẹ̀, a sì kó ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ìyẹn la tó wá ibi tó ń gbà wọlé.

Lórí WhatsApp, níbi tí wọ́n ń to àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ àkáǹtì ẹni sí, a bá kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe tèmi. Ọjọ́ tí mo yá ọkùnrin náà ní fóònù mi láti fi pe ènìyàn ló so ó mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé WhatsApp ń ti àtẹ̀jíṣẹ́ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ti so mọ́ àkáǹtì yóò kà á bí onílé ni. Lórí Google Maps, èmi fúnra mi ni mo fi ibi tí mo wà hàn án nígbà tí ìfẹ́ ṣì dùn, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo rìnrìn àjò. Mo gbàgbé láti pa á. Ímeèlì àtijọ́ tí mo fi sílẹ̀ fún gbígba àkáǹtì mi padà ńkọ́? Òun ló bá mi ṣí i. Mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà (password), ó ń gba ibẹ̀ yẹn yí i padà.

Ilẹ̀kùn 3 péré! A ti gbogbo wọn pa, mo sì sunkún ìtura lọ́jọ́ náà. Orí ẹ̀rọ tí kò fọwọ́ kàn rí la ti ṣí ímeèlì tuntun, a fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ tó gùn, a sì fi ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì sí i, èyí tó ń béèrè ẹ̀rí kejì, bíi kóòdù, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ó wá halẹ̀ pé òun yóò gbé àwòrán kan jáde, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí i nígbà tí mo fọkàn tán an. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Arábìnrin yìí kan náà ló mú mi dé StopNCII.org, ìkànnì kan tó ń ṣèrànwọ́ kí wọ́n má baà gbé àwòrán ìhòòhò ẹni kiri láìgbàṣẹ. Àwòrán náà kò kúrò lórí fóònù mi. Àmì rẹ̀ nìkan, bí ìtẹ̀ka, ló lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn ṣe é, irú Facebook, Instagram àti TikTok, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní n kò rí i níbìkan.

Àwọn ẹ̀rí tí a kó jọ la gbé lọ bá ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe rí ọjọ́ lórí ọjọ́, wọn kò pè é ní ìjà olólùfẹ́ mọ́. Wọ́n pe ọkùnrin náà, ó sì dákẹ́. Oṣù 7 rèé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì ń pa ẹ̀rí náà mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó di ìgbà tí mo bá kúrò níbìkan kí n tó gbé àwòrán ibẹ̀ síta, ẹ má bínú. Ẹni tó bá sì wà nínú irú ohun tí mo là kọjá, kó wá bá mi. N kò ní í bi í pé kí ló ṣe.