Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Pa Fáànù

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Àkúrẹ́, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù láàárín èmi àti ẹbí aláìsàn ni fáànù.

Bí wọ́n bá gé kókó ńlá kúrò ní ikùn tàbí àyà èèyàn, ojú ibẹ̀ lè fẹ̀ débi pé awọ tó yí i ká ò ní tó bò ó. Dókítà lè wá gé awọ àti ẹran láti itan, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì rán iṣan náà mọ́ ti ibi tuntun lábẹ́ maikirosíkóòpù. Iṣan tí ò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, òwú tí ojú lásán ń wá kiri! Ọdún 1960 ni Jacobson àti Suarez ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé irú ìránṣọ yìí ṣeé ṣe. Ti ẹran itan, Song àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1984.

Bí dókítà bá parí, tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dì sínú iṣan, nítorí náà wákàtí wákàtí ni mo ń lọ wo ẹran tuntun náà. Ìwé ní kí n wò ó bóyá ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Aláìsàn tó dúdú bí kóró iṣin, níbo ni mo ti fẹ́ rí pupa? Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo gbọ́kàn lé: mo fi kan ẹran tuntun, mo fi kan awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá tutù, tó rọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé. Tó bá wú, tó le, tí ẹ̀jẹ̀ etí ojú rírán dúdú, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Èyí ó wù kó jẹ́, mi ò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó pe dókítà. Wákàtí díẹ̀ ló wà láti tún un ṣe.

Òtútù máa ń mú kí iṣan sún kì. Ìdí fáànù nìyẹn. Màmá kan láti Ìdànrè gbaná jẹ lóru: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ fi ooru pa ọmọ mi ni?" Mo na abẹ̀bẹ̀ sí wọn. "Ẹ má bínú, mà. Ara yín ni kẹ́ ẹ fẹ́, ẹ má fẹ́ ọmọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò dénú.

Ìyàwó mìíràn á fi ìró di ikùn ọkọ rẹ̀ pinpin, kó má baà là. Ibi tí iṣan gbà gan-an ló ń fún pa. Òróró àdúrà? Iwájú orí ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ti sìgá, òun náà ń mú iṣan sún kì, mi ò ní àlàyé púpọ̀: kò sí àpò ọkùnrin tí mi ò lè yẹ̀ wò.