Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà sí Bàbá Olómi

Kubwa, Abuja. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́.

Omi ẹ̀rọ kò ṣàn láti Ọjọ́rú, nítorí náà ni mo ṣe ránṣẹ́ ní àárọ̀ yìí sí bàbá tó máa ń ta omi fún wa ládùúgbò, ẹni tí àwọn ará Àríwá ń pè ní mai ruwa. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló tò sórí ọmọlanke rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá gba lítà 25, a jẹ́ pé ó tó kílò 250 tí ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun yìí tì gun òkè wá bá wa. Ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú àgbá mi láìjẹ́ kí ó ta sílẹ̀, ó sì dúró de owó rẹ̀.

Mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló di fóònù mú, ni mo bá fi ọwọ́ òsì na owó sí i. Bàbá kò gbà á. Kò bú mi, kò fajú ro. Ó kàn fi àkísà nu ọwọ́ ọmọlanke rẹ̀, ó sì dúró. Mo rò pé owó náà ló kéré lójú rẹ̀, mo fi kún un, ọwọ́ òsì kan náà ni mo sì tún fi nà án. Kò gbà á síbẹ̀. Ìgbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin ni ohun tí mo ṣe tó yé mi, ara mi sì bù máṣọ.

Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ mi. Bí mo bá fi ọwọ́ òsì na ife omi lásán sí àgbà nílé wa, n kò ní sùn lọ́jọ́ náà láìgba ìbáwí. Yorùbá àti Háúsá kò sì yàtọ̀ lórí èyí: ọ̀tún la fi ń fúnni, ọ̀tún la fi ń gbà. A jẹ́ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò ka bàbá yìí mọ́ àwọn tí mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀tún fún. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé omi wá fún mi, "àbókí" ni mo sì ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Gúúsù wá ti ń ṣe. Ọ̀rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Háúsá, ọ̀rọ̀ tó dára ni. Àwa la sọ ọ́ di orúkọ ẹni tí a kò fẹ́ bi léèrè orúkọ. N kò jẹ́ pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ní ọ̀rẹ́ ní Òṣogbo láéláé.

Mo pa fóònù, mo gbé owó sí ọwọ́ ọ̀tún, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Baba, a yi hakuri," ìyẹn ni pé kí ó má bínú. Ó ní, "Ba komai," pé kò sí wàhálà. Ó gba owó náà, ó ka iye tí omi rẹ̀ jẹ́, ó sì dá èyí tí mo fi kún un padà fún mi.

Láti àárọ̀ ni ìdúró rẹ̀ yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Owó òòjọ́ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ kò tìtorí owó ọjọ́ kan ta iyì rẹ̀. Mutunci ni àwọn Háúsá ń pe iyì bẹ́ẹ̀, inú mutum, tó túmọ̀ sí ènìyàn, ló sì ti wá. Wọ́n máa ń fi í wé wàrà: bó bá dà sílẹ̀, kò ṣeé kó. Àwa náà, bí a bá fẹ́ yin ẹnì kan dé góńgó, a ó ní ènìyàn gidi ni.

Mo tún rántí àwọn obìnrin Gbagyi, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó pinnu ní 1976 pé ibí ni olú-ìlú yóò wà. Èjìká ni wọ́n fi ń ru igi ìdáná, nítorí pé orí ni ọba ara lójú tiwọn, kò sì yẹ kí a sọ ọba di alárù. Ìyá tèmi fi òṣùká ru ẹrù lórí títí ó fi darúgbó, ó sì ń ṣúre fún orí rẹ̀ láràárọ̀. N kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ọ̀nà tí kálukú fi ń bu ọlá fún orí rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ̀yìn ọmọlanke ni bàbá olómi wà, ṣùgbọ́n òun náà kò jẹ́ kí n gbé ẹrù lé òun lórí.

Abala 34 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí a bọ̀wọ̀ fún iyì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ó ka ìdálóró àti kíkó ènìyàn lẹ́rú léèwọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, mo sì ti ka abala náà lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú mi nítorí ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí yóò mú ẹni tí kì í dá aṣọ́nà lóhùn nígbà tó bá kí i.

Kí bàbá tó lọ, mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó sì bi mí ní tèmi. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí n kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó tún ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, ilé aládùúgbò mi ló ń lọ. Mo fi "Baba" ṣáájú orúkọ rẹ̀, mo ní, "Sannu da aiki," ẹ kú iṣẹ́ lédè Háúsá. Ó dúró, ó sì bi mí bóyá omi àárọ̀ yẹn ti tó.