Bí Òyìnbó bá ní áláàmù "went off", ó dún ni

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ariwo, "go off" ló ń ṣi àwa ọmọ Yorùbá lọ́nà jù. "Off jẹnẹrétọ̀ yẹn" ti mọ́ wa lẹ́nu láti kékeré, a sì ti gbà pé "off" kò ju kí nǹkan kú lọ. Bí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ pé "the fire alarm went off at 2 a.m.", ọ̀pọ̀ á rò pé áláàmù náà dákẹ́ láago méjì òru. Rárá o! Aago méjì yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń kọ ìròyìn òru sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbaṣẹ́ láàárọ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣi èyí lò. Bó bá dákẹ́ fúnra rẹ̀, "the alarm stopped" ni kí ẹ kọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á, "someone turned it off".

Ti ìbọn gba àkíyèsí. "The gun went off" ń sọ pé ìbọn dún, kò sọ ẹni tó yìn ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó bí ìbọn bá ṣèèṣì yìn, tàbí bí ẹni tó ń ròyìn kò bá fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kà á nínú ìwé ìròyìn, ẹ béèrè pé ta ni ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yìn ín, "he fired the gun" ni.

Bó bá jẹ́ ti ariwo, "go off" kì í gba àbọ̀ ("object" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Èéfín epo gbígbóná kò lè "go off the alarm"; "set off the alarm" ló ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ lo "it", àárín ni kó wà: "set it off". Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ "set the alarm for five", ìyẹn kàn ń yan aago tí yóò dún ni.

Ṣùgbọ́n "the lights went off" ńkọ́? Iná lọ ni lóòótọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró, bí iná àti fáànù, bó bá "go off", ó kú. Ohun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tó ń dúró de àkókò rẹ̀, bí áláàmù, bọ́ǹbù àti báńgà ọdún, bó bá "go off", ó dún. Fóònù ló ń dàrú: "my phone went off in church", ohun tí Òyìnbó á gbọ́ ni pé ó dún láàárín ìsìn. Bó bá jẹ́ bátìrì ló tán, ẹ sọ pé "my phone died".

Ti oúnjẹ kò le. Mílíìkì tó ti kan, "it has gone off" ni lẹ́nu àwọn ará Bìrìtìkó. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ pé "it's gone bad".