Bí fíùsì bá ń já, ẹ má ṣe gé e kúrò

A ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún díẹ̀ lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Gáà-Àkànbí, Ìlọrin, láìpẹ́ yìí. Àáfà ṣàdúrà, a jẹ, a mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn ṣe fún apẹja kan: ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń lo bátìrì, wáyà gba orí bátìrì lọ sínú ẹ́ńjìnì tààrà, kò sí fíùsì kankan láàárín tó máa já bí iná bá pọ̀ jù. Inú bí mi. Mo ti ní kó lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin àbúrò wa nídìí iṣẹ́ ríwáyà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ pọ́sítíìfù, ẹ mọ nẹ́gátíìfù, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Èkíní, wáyà. Ẹ́ńjìnì fóòtì 12 tó lè fa iná tó tó ámpíà 50, ẹ má fi wáyà 2.5 (ìwọ̀n sísanra kọ́pà inú rẹ̀ ní mm²) tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé sí i. Bí bátìrì bá fi mítà 3 jìnnà sí ẹ́ńjìnì, fóòtì tó máa ṣòfò sínú wáyà yẹn lálọ àtàbọ̀ yóò lé ní 2, ooru ni gbogbo rẹ̀ sì ń dà. Wáyà 16 ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá pupa lóde tó funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Èkejì, fíùsì. Ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù bátìrì ló ń gbé, kó má jìn ju ínṣì 7 lọ. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, nítorí náà agbára wáyà ni kí ẹ wò kí ẹ tó yàn án. Fíùsì ámpíà 60 dára fún irú ẹ́ńjìnì yìí lórí wáyà 16.

Ó yẹ kí n bọ́ sórí ẹ̀kẹta, àmọ́ ọ̀rọ̀ fíùsì yìí ò tíì tán nínú mi.

Bàbá kan wà tó ń dẹ àwọ̀n lórí odò Asà, lókè dáàmù. Èmi ni mo so ẹ́ńjìnì rẹ̀. Wáyà 16, lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń de ẹnu wáyà mọ́ bátìrì, tí mo fi ẹ̀rọ fún mọ́ ọn lẹ́nu, fíùsì 60 nínú ike tó ń gbé e dúró. Mo lè fi iṣẹ́ yẹn sọ̀yà níbikíbi. Nígbà tó yá, fíùsì bẹ̀rẹ̀ sí í já lemọ́lemọ́. Bàbá ò pè mí, ó lọ bá ríwáyà mìíràn. Ìyẹn ò tilẹ̀ wo abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ń yí nínú omi. Ó gé fíùsì kúrò, ó lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀, ó fi téèpù dì í, ó gbowó. Ó ní, "Bàbá, kò ní já mọ́."

Lóòótọ́, kò já mọ́. Okùn àwọ̀n ló wé mọ́ abẹ̀bẹ̀. Bó ṣe ń fún un ni ẹ́ńjìnì ń fi tipátipá yí, tó ń fa iná kọjá ààlà. Lọ́jọ́ tí abẹ̀bẹ̀ há pátápátá, ojú ibi tí wọ́n lọ́ yẹn gbóná títí téèpù fi yọ́, ó sì lọ kan nẹ́gátíìfù. Èéfín sọ lójú agbami. Bàbá fọwọ́ fa wáyà náà já. Ike gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí i, ojú wáyà là kọjá ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ìka ìlábẹ̀ dé ìdí àtàǹpàkò. Ọwọ́ kan ló fi wa ọkọ̀ dé èbúté. Ọlọ́run ló yọ ọ́, nítorí bátìrì olómi máa ń tú háídrójìn, gáàsì tó máa ń gbaná, jáde tí wọ́n bá ń cháàjì rẹ̀. Bí gáàsì yẹn bá kún inú àpótí bátìrì nígbà tí iná ta pàrà, bátìrì ìbá bú gbàmù, ásíìdì inú rẹ̀ ìbá fọ́n sí bàbá lójú.

Wọ́n ní ríwáyà Gáà-Àkànbí ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹni tó gé fíùsì, òun náà ò sì yọjú kí bàbá. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí oníbàárà bá ní fíùsì ń já, ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù kúrò lórí bátìrì. Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ jáde nínú omi, ẹ tú u, ẹ wo ìdí ọ̀pá rẹ̀ dáadáa, torí okùn ọ̀rá tín-ín-rín máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ gé okùn náà kúrò tán kí ẹ tó fi fíùsì tuntun sí i, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú èyí tó já.