Ẹsẹ̀ Lọ́sẹ̀ Yìí, Igi Lọ́sẹ̀ Tó Ń Bọ̀: Bí Mo Ṣe Dé Slaughtneil

Bọ́ọ̀lù ni mo rò pé mo ń lọ wò. Igi ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń pè mí láti Maghera, ìlú kékeré kan ní agbègbè Derry, ní Àríwá Ireland, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ pé kí n wá, tí èmi náà ń dá a lóhùn pé ó di Kérésì. Nígbà tí ẹnu tì mí, mo wọ bàálù ní Manchester lọ́jọ́ Ẹtì kan, kò sì tó wákàtí kan tí a fi balẹ̀ ní Belfast. Òjò ló pàdé mi. Bùrọ̀dá ní òjò kọ́ nìyẹn, pé wọn ò tíì máa pe èyí ní òjò níbí.

Lójú ọ̀nà, mo rí pátákó kan tí wọ́n kọ Londonderry sí, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà pa "London" rẹ́. Mo nàka sí i. Bùrọ̀dá ní, "Má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ o. Bó o bá ṣe pe orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú ilé, ti Àgùdà tàbí ti Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọ́n ti tọ́ ẹ." Láti ìgbà yẹn títí mo fi padà, "ọ̀hún" ni mo ń pe ibẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́yìn mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, àmọ́ ó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé mo ti gbá sliotar rí. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo ní n ò mọ omi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi lọ sí Slaughtneil. Má rò pé ìlú ni. Ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún, àgùntàn láàárín wọn, òkè Carntogher lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù lórí bíi fìlà. O lè wakọ̀ kọjá kí o má mọ̀ pé o ti dé. Ohun tí yóò sọ fún ọ ni pápá: Emmet Park, koríko tó tutù yọ̀yọ̀, òpó góòlù tó dà bíi lẹ́tà H, àti aṣọ tó pọ́n bíi wáìnì, pẹ̀lú funfun, lára gbogbo ọmọdé tó wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ páríṣì ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Rìdíìmù, tí mo bá gbọ́ páríṣì, gbọ̀ngán tí wọ́n háyà ló ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù. Tiwọn yàtọ̀. Ilẹ̀ ni, ààlà tí ìjọ Àgùdà ti pa tipẹ́, tí oníkálukú mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nígbà tí Michael Cusack, Maurice Davin àti àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì Hayes ní Thurles, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1884, láti dá ẹgbẹ́ GAA (Gaelic Athletic Association) sílẹ̀ kí eré ìbílẹ̀ wọn, bọ́ọ̀lù Gaelic tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá àti hurling tí wọ́n ń fi igi gbá, má bàa kú, wọn ò wá ààlà tuntun kiri. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Páríṣì kan, ẹgbẹ́ kan. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Croke di alátìlẹ́yìn wọn. Òun ni wọ́n fi sọ Croke Park ní Dublin, pápá tó ń gba èrò tó lé ní 82,000. Gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú èrò yẹn, kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Olùkọ́ ni wọ́n, káfíńtà, àgbẹ̀, ọmọ yunifásítì. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n ti padà síbi iṣẹ́.

Ní 1953 ni wọ́n dá ti Slaughtneil sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Robert Emmet sọ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún ní Dublin ní 1803. Ẹgbẹ́ aládùúgbò wọn, Glen, tó wà ní Maghera níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, orúkọ Watty Graham ló ń jẹ́. Òun náà, wọ́n pa á ní 1798 nítorí ọ̀tẹ̀. Nílé, "Stars" àti "United" la ń sọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Àwọn wọ̀nyí ń pe àwọn tí ìjọba pa bọ́ sí pápá lọ́jọọjọ́ Àìkú.

Mo bi bàbá kan tó dúró ti wáyà pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife bọ́ọ̀lù àgbà ti Derry. Ó ní 2004. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó rí ife yẹn. Bàbá náà kò rí nǹkan ìyanu níbẹ̀. Ó ní wọ́n kàn ń gbá a ni.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn wá ya. Ní 2014, wọ́n gba ife bọ́ọ̀lù gbogbo Ulster, ẹkùn tí Derry wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016, ohun tí ẹgbẹ́ kankan ò ṣe rí ní Ulster ni wọ́n ṣe: bọ́ọ̀lù, hurling, àti camogie, ìyẹn hurling àwọn obìnrin, ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan náà. Kò sí ẹgbẹ́ Derry tó gba ife hurling àgbà ti Ulster ṣáájú wọn. Ní 2017, wọ́n tún kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tó sì yà mí lẹ́nu jù nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n tún ń gbá hurling. Wọn ò ní ènìyàn tó pọ̀ tó láti pín sí méjì. Ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, igi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kóòṣì méjì tó ń du ọmọ kan náà láìjà. Chrissy McKaigue, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ àǹgẹ́lì, ti lọ sí Ọsirélíà rí, Sydney Swans gbà á sínú ẹgbẹ́ tó ń san owó. Ó padà wálé, ó sì gbá méjèèjì lófẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ife gbogbo Ireland? Àwọn ọkùnrin ò rí i mú. Wọ́n dé àṣekágbá bọ́ọ̀lù ní 2015, ẹgbẹ́ Corofin lù wọ́n. Wọ́n padà dé ibẹ̀ ní 2017, ẹgbẹ́ Dr Crokes tún borí. Àmì ọjọ́ náà ni 1-9 sí 1-7. Mo ní ta ló wá borí nígbà tí góòlù jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì mí kanlẹ̀ kó tó ṣàlàyé. Nígbà náà, bọ́ọ̀lù tó bá wọ àwọ̀n jẹ́ mẹ́ta, èyí tó bá gba òkè igi ìdábùú kọjá jẹ́ ẹyọ kan. Nítorí náà, 12 sí 10. Méjì péré.

Àwọn obìnrin ló gbé e wálé. Ní 2017, 2018 àti 2019, ẹ̀ẹ̀mẹta léra, ẹgbẹ́ camogie Slaughtneil gba ife gbogbo Ireland. Ìyá kan tó ń bu tíì fún wa nínú gbọ̀ngán sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì ní ohùn òkè, kí àwọn ọkùnrin tó jókòó nítòsí lè gbọ́.

Òun náà ló bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni tèmi. Mo ní Manchester ni mo ti wá. Ó ní rárá, òun ò bèèrè ibi tí mo ń gbé.

Nígbà tí ìdánrawò àwọn ọmọdé parí, wọ́n ní kí n wá gbìyànjú. Àfi kí n dé akoto, nítorí láti 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Akoto kò wọlé. Irun tí mo di lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti ká a jọ sókè orí, kò sì sí akoto ọmọ Ireland kankan tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀. Mo tú u, mo jẹ́ kó wálẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, ó wá wọlé pẹ̀lú ìrora.

Camán ni wọ́n ń pe igi náà. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdí igi ash ni wọ́n ti ń gé e, níbi tí igi ti ń yí padà di gbòǹgbò, kí ìlà ara igi lè tẹ̀ lé bí ẹnu rẹ̀ ṣe wọ́. Èyí tí wọ́n bá kàn gé láti ara pákó gbọọrọ yóò ya. Wọ́n fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ di etí ẹnu náà, wọ́n sì fi téèpù wé ọrùn rẹ̀ fún ọwọ́. Èyí tí mo dì mú, wọ́n ti fi gbá bọ́ọ̀lù títí, ara rẹ̀ ti dúdú níbi tí òógùn ọwọ́ ẹlòmíràn ti mu wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní àrùn kan ti ń pa igi ash, pé 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ireland, àti pé ọ̀pọ̀ ti ń fi oparun ṣe camán báyìí. Bàbá ẹ̀gbẹ́ wáyà ní ohùn oparun ò dùn létí òun.

Sliotar wá nìyí: bọ́ọ̀lù awọ tó kún ọwọ́, ojúràn rẹ̀ ga sókè bí àpá ilà. Mo sọ ọ́ sókè. Mo fi gbogbo agbára fi igi náà. N ò bá a. Igi yí mi po, mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, sliotar sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún méje lọ wá gbé e, ó fi camán ré e nílẹ̀, ó gbá a láìwò ó, bọ́ọ̀lù náà sì fò kọjá lókè òpó.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Maghera, ẹrẹ̀ ti ń gbẹ lára ṣòkòtò mi, ọmọ náà bi mí láti ẹ̀yìn mọ́tò.

"Àǹtí, páríṣì wo lẹ ti wá?"

"Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn."

"Kí lorúkọ ẹgbẹ́ yín?"

"Shooting Stars. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976."

"Ṣé ẹ̀yin náà gbá a fún wọn?"

"Rárá o."

"Dádì ńkọ́?"

"Rárá."

"Bàbá àgbà?"

Bùrọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ò tilẹ̀ fẹ́ràn àtilọ sí sítádíọ̀mù. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀.

"Ta wá ló ń gbá a fún yín?"